Àbọ̀ rèé: mo ti rí iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ apòògùn ní California

Ìbéèrè mi ni bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní ìpínlẹ̀ mìíràn ṣe lè rí ìkọ́ṣẹ́ ọlidé gígùn nílé, ní California. Mo ti rí i. Ẹ ṣeun gan-an.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ló ṣe kókó jù. Láísẹ́ǹsì ìkọ́ṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ iléèwé fún yín kò bá yín dé California. Ti Board of Pharmacy ibẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn apòògùn ní láísẹ́ǹsì, lẹ máa gbà. Ìka títẹ̀ fún láísẹ́ǹsì náà ló ń fa ìdádúró: inú California nìkan lẹ ti lè ṣe Live Scan tiwọn, ìyẹn ìka títẹ̀ orí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá wà níta á fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, bí ìlà ìka ò bá sì hàn dáadáa, wọ́n á dá a padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá wálé Kérésì.

Kẹ́míìsì aládàáni tí mo fẹsẹ̀ ara mi wọ̀, CV lọ́wọ́, ló gbà mí. Ilé ìwòsàn dáhùn, àmọ́ àyè ti kún. Ìgbà òtútù ni kẹ́ ẹ ti kọ̀wé sí wọn.

Ó ku ẹyọ kan: bóyá iléèwé máa ka wákàtí tí mo bá fi kọ́ṣẹ́ níbí mọ́ tiwọn. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀; wọn ò tíì dá mi lóhùn.