Fóòmù wo ni kí n rà sí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù 8, ó ti ń di irin bẹ́ẹ̀dì mú dìde. Fóòmù tí a rà nígbà ìkómọ ti jìn láàárín. Bí mo bá tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, ibi tí mo tẹ̀ kì í tètè gbéra. Ẹ̀rù ń bà mí, torí nọ́ọ̀sì sọ fún wa lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára pé fóòmù tó rọ̀ lè dí ọmọ nímú. Ó ní kó le, kó sì kún bẹ́ẹ̀dì débi pé ìka méjì ò ní ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo dé Lágéré ní Ifẹ̀ lánàá, mo rí fóòmù méjì. Ọ̀kan le dáadáa, ṣùgbọ́n ó ga tó ínǹṣì 6, àyà mi sì já pé ọmọ á gun irin já bọ́. Èkejì jẹ́ ínǹṣì 4, ọ̀rá ni wọ́n fi bò ó. Ìtọ̀ ò ní wọ inú rẹ̀, àmọ́ ooru Ifẹ̀ yìí ńkọ́, nígbà tí iná ò bá sí?

Ìyá ọkọ mi ní kí n kàn ká aṣọ sábẹ́ ti àtijọ́. Mi ò já wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n mú ti ọlọ́ràá, kí n máa tẹ́ aṣọ òwú lé e? Àbí kí n ní kí wọ́n gé fóòmù líle bá ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì náà?