Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rọ ìgégi tó lágbára fún igi ìdáná, ṣé Stihl 070 àtijọ́ ni àbí ẹ̀rọ tuntun?

AyinIseyin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Igi ìdáná ni mò ń gé tà fún àwọn onílé búrẹ́dì àti àwọn ìyá tó ń yan gàrí lágbègbè Ìsẹ́yìn. Stihl MS 250 ni mò ń lò, báà (irin gígùn tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀) íǹṣì 16 ló wà lórí rẹ̀. Fún kaṣú àti ẹ̀ka máńgòrò, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá di ìtì àyìn tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ̀rọ á máa ké, á gbóná, èmi náà á dúró máa wò ó. Ẹnì kan fẹ́ ta 070 tòkúnbọ̀ fún mi, ó ní ó ṣì le koko. Ẹlòmíì ní kí n fowó kún owó, kí n ra Husqvarna 372 XP tuntun. Èwo ni kí n ṣe? Igi ìdáná nìkan o, mi ò la pákó.

BabaOnipako
070 ni, àbúrò. Láti Oǹdó dé Ìjẹ̀bú, igbó kígbó tí wọ́n bá ti ń la pákó, ohùn rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. 106 cc ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ (cc ni wọ́n fi ń wọn títóbi inú ẹ́ńjìnnì). Kì í sáré, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ inú igi, ó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Apá ni o, ìrókò ni o, ó ń rẹ́ wọn. Tó bá sì bàjẹ́, mẹkáníìkì abúlé á tún un ṣe, torí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà. Èyí tuntun tí wọ́n ń júwe fún ọ yẹn, tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ nínú igbó, ta lo máa pè?

OmoSaki_Yorkshire
Bàbá, ẹ kú ìrírí. Ẹ má bínú, mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Iṣẹ́ igi gígé ni mò ń ṣe níbí, ní Yorkshire nílùú Gẹ̀ẹ́sì. 070 yẹn, kilowáàtì 4.8 ni agbára rẹ̀, ó sì wúwo ju kílò 10 lọ kí ẹ tó fi báà àti ṣéènì sí i. Ẹ wá wo Stihl MS 661 ayé ìsinsìnyí: 91 cc, àmọ́ kilowáàtì 5.4 ló ń mú wá, kò sì tó kílò 8. Títóbi ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ni agbára.

372 XP tí arákùnrin wa ń bèèrè, bíi 71 cc ni, kilowáàtì 3.9, kílò 6 àti díẹ̀. Lóòótọ́, kò tó 070 lágbára. Ṣùgbọ́n ṣéènì rẹ̀ ń sáré gan-an, ohun tí ẹni tó ń gé ìtì sí kéékèèké ń fẹ́ nìyẹn. Agbára tí kì í kánjú, tó wà lára 070, ẹni tó ń fi báà gígùn la igi gbọọrọ láti fi ṣe pákó ló wúlò fún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé 070 kò ní bíréékì ṣéènì. Tí apá òkè ṣóńṣó báà bá ṣèèṣì kan igi mìíràn, ẹ̀rọ á ta padà sójú ẹni kéèyàn tó ṣẹ́jú. Lára àwọn tuntun, ọwọ́ òsì ẹni á gbá ààbò ọwọ́ tó wà níwájú rẹ̀, ṣéènì á sì dúró lẹ́sẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọdún púpọ̀ di ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ mú, ìka rẹ̀ á máa kú tipiri, á máa funfun tí òtútù bá mú.

BabaOnipako
Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ìka mi ṣì pé. Ṣùgbọ́n ti bíréékì yẹn, mo gbà.

MekanikiOgbomoso
Ẹ̀yin méjèèjì ò purọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú 070 tó wà lọ́jà kì í ṣe 070. Ayédèrú ni, wọ́n kàn kun ún lọ́dà ni.

AyinIseyin, tó o bá fẹ́ lọ wo tòkúnbọ̀ yẹn, sọ fún onítọ̀hún pé kó má tan án kó o tó dé. Fọwọ́ kàn án, kó tutù. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àrùn pa mọ́. Di okùn tí wọ́n ń fà láti fi tan án mú, kó o fi okùn náà gbé gbogbo ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Tó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń sọ̀, kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n (agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) wà ńbẹ̀. Tó bá já wálẹ̀ wìì, ríǹgì ti jẹ. Lẹ́yìn náà, tú sàlẹ́ńsà, tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí èéfín ń gbà jáde, kó o wo ara písítìnì. Ó yẹ kó máa dán ni. Tó o bá rí ibi tó ha láti òkè dé ìsàlẹ̀, máa bá tìrẹ lọ, wọ́n ti fi epo tí ọ́ìlì rẹ̀ ò tó jó o nínú rí.

Lórí ọ̀rọ̀ epo: ọ́ìlì Stihl fúnra rẹ̀, 50 sí 1 ni, ìyẹn epo ìlọ́po 50 sí ọ́ìlì kan. Ọ́ìlì tú-sitróòkù mìíràn, 25 sí 1 ni wọ́n ní ká pò ó. Lítà 5 epo á gba mìlílítà 100 tàbí 200 nìyẹn. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ má sì bu ọ́ìlì ọkọ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ilé ìtúnṣe mi kún fún irú wọn.

IyaOnigi_Oyo
Ẹ̀yin ọkùnrin, agbára, agbára ṣáá. Àwọn ọmọ tó ń bá mi gé igi, tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ ò lágbára mọ́, ohun tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ẹ̀rún igi tó ṣeé ṣà lọ́wọ́, ẹ̀rọ lẹ́jọ́. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú, ṣéènì ló ti kú, kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè gbà á. Ìtì tí wọ́n wọ́ lórí iyanrìn máa ń jẹ eyín ṣéènì. Igi etí oko tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣó ni o, ọta ọdẹ ni o. Ọmọ mi, ìgbà wo lo pọ́n tìẹ kẹ́yìn?

AyinIseyin
Ìyá mi, ẹ ṣeun. Mo ń pọ́n ọn, fáìlì mìlímítà 4.8 tó bá a mu ni mo fi ń pọ́n ọn. Ṣéènì tuntun ló tilẹ̀ wà lórí rẹ̀ nígbà tí àyìn yẹn kọ̀.

IyaOnigi_Oyo
Ó dáa, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ra ńlá. Ṣùgbọ́n má ta kékeré yẹn o. Kí ńlá máa gé ìtì, kí kékeré máa gé ẹ̀ka. Ẹni tó bá ń fi ńlá gé ẹ̀ka láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn ló máa fi san án. Fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó náà fún àáké gidi, torí kò sí ẹ̀rọ tó máa bá ọ la àyìn sí wẹ́wẹ́ fún àwọn oníGàrí.

OmoSaki_Yorkshire
Ìyá sọ̀rọ̀. Tó o bá ra 372, báà íǹṣì 20 tó fún ọ. Ìtì ẹsẹ̀ bàtà méjì, wàá gé e láti ẹ̀gbẹ́ kan, wàá bọ́ sí èkejì. Fáìlì rẹ̀ á yí padà o, mìlímítà 5.5 ni ṣéènì Husqvarna oníwọ̀n 3/8 íǹṣì ń lò. Tí owó bá ṣẹ́ kù, ra ṣòkòtò agégi. Òwú gígùn ló wà nínú rẹ̀: tí ṣéènì bá kàn án, òwú yẹn á lọ́ mọ́ ọn, á dá a dúró kó tó dé ẹran itan.

AyinIseyin
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màá lọ wo 070 yẹn lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti sípánà lọ́wọ́, torí mo ti ṣèlérí fún ẹni náà. Ṣùgbọ́n 372 lọkàn mi ń fà sí.

BabaOnipako
Tó o bá débẹ̀, tó jẹ́ ojúlówó, tí písítìnì rẹ̀ sì ń dán, tí o kò sì rà á, jọ̀wọ́ sọ fún un pé mo ń bọ̀.