Iná ọ́ìlì ò kú, mẹkáníìkì ní ká já ẹ́ńjìnì

Ọmọ Ìpẹ̀rù (Leeds, mo wà nílé báyìí): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Ọkọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí Bàámi ló fẹ́ dójú tì mí. A fẹ́ gbé e lọ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àmọ́ iná ọ́ìlì ń tàn, géèjì sì sùn sílẹ̀ gbalaja. Ọ́ìlì kún, ẹ́ńjìnì ò pariwo. Mẹkáníìkì kan n'Íjẹ̀bú-Òde so scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, mọ́ ọn, kóòdù P0522 jáde. Ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára ọ́ìlì, pàbó. Ó wá ní páǹpù ọ́ìlì ti kú, kí n mówó wá kí wọ́n já ẹ́ńjìnì.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́ (Houston): Já kín ni? Owó yẹn á ra aṣọ ẹgbẹ́ fún odidi agbolé. Rìwáyà, ibo lẹ wà?

Rìwáyà Ṣágámù (Birmingham): Mo ti dé. Àbúrò, dá wọn dúró ná. P0522 ò sọ pé ọ́ìlì ò ní agbára. Ohun tó ń sọ ni pé iná tó ń ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ padà sí brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kéré jù. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ṣùgbọ́n má gba èmi náà gbọ́ lásán. Ní kí wọ́n tú sẹ́ńsọ̀ yẹn, kí wọ́n de géèjì onírọ́bà, èyí tí kò lo iná rárá, sójú ihò rẹ̀. Kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa. Bó bá ń gbé tó psi 10 (ìwọ̀n agbára ọ́ìlì) fún rpm 1,000 kọ̀ọ̀kan (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí géèjì yẹn náà bá sùn sílẹ̀, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, mẹkáníìkì ló jàre.

Bí agbára bá wà, ó di ọ̀rọ̀ wáyà. Mẹ́ta ló wọ sẹ́ńsọ̀ yẹn: ọ̀kan gbé 5V (iná fóòltì márùn-ún) wá láti brain box, ọ̀kan jẹ́ earth, ọ̀kan ń jíṣẹ́ padà. Ẹ fa plug rẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí iná á ti tàn láì ta ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi mítà sáàárín wáyà 5V àti earth. Ẹ jọ̀ọ́, mítà o! Àwa rìwáyà fẹ́ràn tẹ́sítà onígílóòbù jù, gílóòbù yẹn sì ń fa iná ju èyí tí wáyà brain box lè gbé. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi iná bátìrì kàn án.

Ọmọ Ìpẹ̀rù: Ẹ̀gbọ́n, géèjì gbé psi 45 ní rpm 2,000! Àmọ́ ibi tó yẹ ká ti rí 5V, 0.8 la rí.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́: Ṣé P0522 nìkan ni scanner gbé jáde? Wọn kì í ka ìsàlẹ̀.

Ọmọ Ìpẹ̀rù: P0642 wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Rìwáyà Ṣágámù: Háà! Òun gan-an lọ̀rọ̀. P0642 ni pé 5V tí brain box ń pín ti wálẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ bíi mélòó kan ló jọ ń mu nínú rẹ̀, bí àwọn ayálégbé tó jọ ń lo táǹkì omi kan: bí páìpù ẹnì kan bá bẹ́, kò sẹ́ni tómi á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì tuntun tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ fi mítà sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ máa fa plug àwọn sẹ́ńsọ̀ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá fà tí 5 padà dé, òun lọ̀daràn. Bí ẹ bá fà á tán tí kò gòkè, a jẹ́ pé wáyà ti bó tó ń kan ara ọkọ̀, tàbí kó jẹ́ brain box fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìpẹ̀rù: Sẹ́ńsọ̀ gáàsì A/C ni o! Bí a ṣe fa plug rẹ̀ báyìí, mítà fò sí 4.98. Omi ti wọ inú plug náà, irin rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti ní àwọ̀ ewé. A dá sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì padà, a ta ẹ́ńjìnì, iná ọ́ìlì kú, géèjì dìde. Mẹkáníìkì ń wojú mi.

Ọmọ Ọ̀dẹ̀ (Dublin): Ṣé ó lè gbé e lọ Ojúde Ọba báyìí?

Rìwáyà Ṣágámù: Kó gbé e lọ. A/C nìkan ni ò ní ṣiṣẹ́, kí Bàámi ṣí wíńdò. Kí wọ́n fi ọ̀rá di ẹnu plug yẹn kí ó má kan irin. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, kí oníṣẹ́ A/C fa gáàsì jáde kó tó tú sẹ́ńsọ̀ náà. Ní ti plug, ra tòkunbọ̀, kí wọ́n gé e pẹ̀lú wáyà gígùn. Kí wọ́n fi sọ́dà jó o, kí wọ́n má kàn lọ́ ọ pọ̀ kí wọ́n lẹ téèpù mọ́ ọn.