Ran òwú, kì í ṣe yí òwú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé ká fi "ìyíwú" rọ́pò "rànwú", ìyẹn kéèyàn sọ òwú di fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun aṣọ, kí irinṣẹ́ rẹ̀ sì máa jẹ́ "ẹ̀rọ ìyíwú", torí pé inú Bíbélì nìkan làwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń gbọ́ "rànwú". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ìyá tó bí ìyá mi ran òwú títí ojú wọn fi di bàìbàì. Wọ́n á yọ kóró kúrò, wọ́n á fi ọrun gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fúyẹ́ bí ìyẹ́ ọmọ adìyẹ. Ìrànwú wọn ò ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí amọ̀ róbótó há sí nídìí bí ìlẹ̀kẹ̀ ńlá; ìwúwo amọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí òòyì rẹ̀ tètè tán. Wọ́n á fi ìka kan ẹfun nítorí òógùn, wọ́n á gbé ìdí ìrànwú sínú igbá. Ọwọ́ ọ̀tún á ta á, tòsì á máa fa òwú lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Bí èmi bá gbà á, kíá ló ń já. Wọ́n á ní, "Yíyí lò ń yí i, o ò tíì ran án."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fífà àti lílọ́ ló pa pọ̀ nínú "ran", lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó lọ́ òwú láìfà á, kókó ló máa rí. Ẹni tó fà á láìlọ́ ọ, á já mọ́ ọn lọ́wọ́. "Yí" ò gbé fífà dání rárá.

Ẹnìkan tún béèrè bóyá a lè lo "ran" fún irun àgùntàn. Kí ló dé? "Ran" ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà, òwú kàn tẹ̀ lé e ni. Ẹ wo sányán, kì í ṣe òwú, inú ilé kòkòrò ló ti ń wá, síbẹ̀ wọ́n ń ran án. Wọ́n á fi omi eérú sè é kí oje rẹ̀ lè yọ, kí wọ́n tó ran án. Ẹ ṣáà má kọ "rán òwú" o, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń rán nǹkan.

Níbi tí a ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun ni irinṣẹ́ àwọn ẹlòmíì. Èyí tó ń rọ̀ dirodiro lójú òfuurufú bí wọ́n ti ń ran án, mo dábàá "ìrànwú àsorọ̀". Tiwa á wá jẹ́ "ìrànwú inú igbá". Èyí tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá, tó ti Éṣíà dé Yúróòpù ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, "kẹ̀kẹ́ òwú" bá a mu. Nígbà tí wọ́n sì wá so pátákó ìtẹ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká pè é ní "kẹ̀kẹ́ òwú ẹlẹ́sẹ̀".