Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nam Định lórí rédíò?

Atọ́kùn_Eré:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ètò eré ìdárayá lédè Yorùbá ni mò ń ṣe lórí rédíò. A ní abala kan tí a fi ń sọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òkèèrè tí ọmọ Nàìjíríà ti ṣe bẹbẹ níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Nam Định ti Vietnam ni mo mú. Emeka Achilefu, ọmọ Nàìjíríà, ló jẹ góòlù jù ní líìgì Vietnam lọ́dún 2003, góòlù 11. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Amaobi Uzowuru, ló tún gbapò yẹn, góòlù 15. Nam Định ni àwọn méjèèjì ń gbá fún.

Ohun tó dà mí láàmú ni orúkọ. Ẹgbẹ́ tó gba ife líìgì lọ́dún 1985 ń jẹ́ Công nghiệp Hà Nam Ninh. Èyí tí Amaobi gbá fún ń jẹ́ Sông Đà Nam Định. Èyí tó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè lọ́dún 2007 ń jẹ́ Đạm Phú Mỹ Nam Định. Nísinsìnyí, Thép Xanh Nam Định ni. Ṣé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn? Ṣé kí n sọ pé ife líìgì mẹ́ta ni wọ́n ní, 1985, 2024 àti 2025, àbí méjì? Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n fún mi, n kò sì fẹ́ kí olùgbọ́ kankan pè wá láti wá já mi nírọ́ lórí afẹ́fẹ́.

Bàbá_Líìgì:
Ẹgbẹ́ kan náà ni, àbúrò. Orúkọ onígbọ̀wọ́ ló ń yí. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń náwó sí ẹgbẹ́ ló máa ń fi orúkọ tirẹ̀ ṣáájú. Iléeṣẹ́ ìkọ́lé ni Sông Đà. Ajílẹ̀ ni Đạm Phú Mỹ ń ṣe. Dược Nam Hà tó gbé wọn nígbọ̀wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n padà sókè, oògùn ni tiwọn. Irin ni ti Thép Xanh. Yọ orúkọ iléeṣẹ́ kúrò, Nam Định ló kù síbẹ̀. Jọ̀ọ́, má ka gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ lórí rédíò, awakọ̀ á yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn kó o tó dé ìdajì.

Ti 1985 nìkan ló yàtọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú líìgì. Àwọn rélùwéè ló gba ife àkọ́kọ́ lọ́dún 1980, àwọn ológun gbà á lẹ́yìn wọn, ọlọ́pàá Hanoi gbà á ní 1984. Hà Nam Ninh ni ìpínlẹ̀ ńlá tí wọ́n fi Nam Định, Hà Nam àti Ninh Bình pa pọ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Atamátàsé wọn, Nguyễn Văn Dũng, ló jẹ góòlù jù ní líìgì fún sáà mẹ́ta léraléra, 1984 sí 1986. Ta ló máa wá sọ ìtàn ẹgbẹ́ yẹn kó fo ọkùnrin yìí?

Ọmọ_Mápó:
IICC àná ni 3SC òní. Ta ló máa sọ fún ará Ìbàdàn pé ife Áfíríkà 1976 kì í ṣe tiwọn torí pé orúkọ yí? Ife mẹ́ta ni. Ó parí.

Ayẹ̀wéwò:
Kò tíì parí o, Ọmọ Mápó. IICC kò kúrò ní Ìbàdàn rí. Hà Nam Ninh ní tirẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́: ní 1992, Ninh Bình dá dúró, èyí tó kù, tí wọ́n sọ ní Nam Hà, tún pín sí Nam Định àti Hà Nam ní 1997. Ará Ninh Bình tó pariwo títí ohùn fi há ní 1985, kí ni ìpín tirẹ̀ nínú ife náà?

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún tún wá dùn sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025, ìjọba Vietnam tún da ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ padà, Ninh Bình ni wọ́n sì sọ ìpínlẹ̀ tuntun náà. Ní kúkúrú, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí Nam Định gba ife kejì léra, kò sí ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ Nam Định mọ́. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ninh Bình náà gòkè wá sí líìgì àgbà lọ́dún yẹn kan náà, àwọn méjèèjì ti di ará ìpínlẹ̀ kan. Sọ pé ife mẹ́ta, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fi gbólóhùn kan kún un pé agbègbè mẹ́ta ló jọ ni ti 1985.

Bàbá_Líìgì:
Èyí mọ́gbọ́n dání. Mo gbà.

Tíṣà_Hanoi:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Hanoi ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì. Nam Định kò ju nǹkan bí 90 kìlómítà lọ sí wa, lápá gúúsù. Ìlú aṣọ híhun ni, láti ayé àwọn Faransé ni iléeṣẹ́ aṣọ ńlá ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa lórí rédíò, tí ẹ bá fẹ́ kí olùgbọ́ yín rí ẹgbẹ́ yìí lójú inú, pápá wọn ni kí ẹ ròyìn. Chùa Cuối ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún un ṣe fún SEA Games 2003, ìdíje eré ìdárayá àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Asia, wọ́n sì sọ ọ́ ní Thiên Trường, èèyàn bí 30,000 ló ń gbà. Orúkọ náà tan mọ́ àwọn ọba ìdílé Trần, torí agbègbè yẹn ni orírun wọn. Àwọn ọba wọ̀nyẹn ló lé ọmọ ogun Mongol padà nígbà mẹ́ta ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Ẹ wá wo irú orúkọ tí àlejò máa kà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé wá gbá bọ́ọ̀lù!

Èrò ibẹ̀ kò ní àfiwé ní Vietnam, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2020, nígbà tí Kòrónà ti ti pápá pa káàkiri ayé, Vietnam ti tètè ṣí tiwọn padà, àwòrán èrò inú Thiên Trường sì lọ yí ayé ká. Ní oṣù karùn-ún 2022, SEA Games tún wá, wọ́n gbé ìsọ̀rí kan síbẹ̀ tí Vietnam fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Pápá ṣì kún! Àwọn ará Nam Định jókòó ti eré Thailand bíi pé ọmọ wọn ló ń gbá a.

Màmá_Eré:
Ọmọ mi, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dára, ṣùgbọ́n mo ní kó o bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣubú. Wọ́n ṣe ipò kejì ní sáà 2000–01 lẹ́yìn Sông Lam Nghệ An. Wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2004 lẹ́yìn Hoàng Anh Gia Lai, pẹ̀lú gbogbo góòlù Amaobi yẹn. Ní 2008, wọ́n wà nínú ìdíje àwọn akọni Asia, ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Kashima Antlers ti Japan àti Beijing Guoan. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n já kúrò ní líìgì àgbà! Wọn ò sì dúró síbẹ̀, wọ́n já dé ìpele kẹta. Ọdún 2017 ni wọ́n tó gba líìgì kejì kí wọ́n tó padà sókè, ní 2018 náà, eré kan pẹ̀lú Hà Nội B, tó ń pinnu ẹni tó máa wà ní líìgì àgbà, ló yọ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni owó dé. Má fi ìyẹn pamọ́, má jẹ́ kó dà bí àlọ́. Látìgbà tí Thép Xanh ti wọlé ní 2022 ni wọ́n ti ń ra agbábọ́ọ̀lù tí wọn kò lè rà tẹ́lẹ̀. Kóòṣì Vũ Hồng Việt ló kó wọn jọ. Ní 2024 wọ́n gba ife líìgì, ọdún 39 lẹ́yìn ti 1985.

Atọ́kùn_Eré:
Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá, ìmọ̀ràn yín ni màá tẹ̀ lé: màá bẹ̀rẹ̀ láti 2010, màá wá padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ Achilefu àti Amaobi, màá fi pápá Tíṣà sí àárín. Ife mẹ́ta ni màá kà, pẹ̀lú àlàyé Ayẹ̀wéwò. Ọ̀kan ló kù: Rafaelson tó jẹ góòlù 31 ní sáà 2023–24 yẹn, ṣé ọmọ Brazil ni kí n pè é àbí ọmọ Vietnam? Mo rí orúkọ méjì fún un.

Tíṣà_Hanoi:
Orúkọ méjèèjì ni kí ẹ pè. Ìpínlẹ̀ Maranhão ní Brazil ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó ń jẹ góòlù 31 yẹn, tí kò sí ẹni tó jẹ iye bẹ́ẹ̀ rí ní sáà kan, Rafaelson ni. Lẹ́yìn náà, nínú ọdún 2024, ó di ọmọ Vietnam, ó ń jẹ́ Nguyễn Xuân Son. Ó jẹ góòlù méje fún Vietnam nínú ìdíje ASEAN, ìyẹn ife bọ́ọ̀lù àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Asia, òun náà ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní àṣekágbá ní Bangkok, ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní 2025. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà yẹn. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ife 2024 ni kí ẹ fi góòlù 31 rẹ̀ sí. Èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kù ló parí iṣẹ́ náà láìsí i.