Níbo gan-an ni "andare" ti wá?

Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí orírun "andare", ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ítálì ń lò fún "lọ". "Vado" (mò ń lọ), "vai" (ò ń lọ) àti "va" (ó ń lọ) kò ṣòro: "vadere" ti èdè Látìn ló bí wọn. Ara "andiamo" (à ń lọ) àti "andate" (ẹ̀ ń lọ) ni ìṣòro wà. Bó bá jẹ́ "ambulare" (rìn) ti èdè Látìn ló bí wọn, báwo ni "mbul" ṣe di "nd"? Èdè Ròmáníà ṣáà pa "mbl" mọ́ nínú "umbla" (rìn), tí "ambulare" kan náà bí. "Ambitare" tí wọ́n ń fi àmì ìràwọ̀ ṣáájú (ìyẹn ni pé a kò rí i nínú ìwé, àwọn onímọ̀ ló fojú inú gbé e kalẹ̀) sì yẹ kó di "antare", àfi bí "t" bá ti di "d" kí wọ́n tó pa "i" jẹ. "Ambitare" yìí ni mo fara mọ́ jù. Èwo ni kí n kọ ṣáájú nínú atúmọ̀ èdè? Ẹ̀rí ìyípadà ìró ni mo ń wá, ìjọra lásán kò tó.