Oyin kì í ṣe ṣúgà: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín ti rí

Oníkéèkì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe kéèkì tà n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ni oyin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìyẹ̀fun mi. Oníbàárà mi kan ló pè mí, ó ní bàbá òun ń ṣe àádọ́rin ọdún, pé bàbá ò fẹ́ ṣúgà rárá, oyin ni kí n fi ṣe kéèkì wọn. Mo ní kò sí ìyọnu. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n yọ ṣúgà, kí n da oyin sípò rẹ̀, ó parí. Kọ́ọ̀bù ṣúgà mẹ́ta ni irú kéèkì bẹ́ẹ̀ máa ń gbà lọ́wọ́ mi. Mo wọn oyin kọ́ọ̀bù mẹ́ta gbáko.

Kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo gbé e sínú ààrò onígáàsì mi tí òórùn jíjó fi gba gbogbo ilé. Mo ṣí i, ojú kéèkì ti dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ti ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀, ọ̀bẹ jáde pẹ̀lú ohun tó ń ṣàn bí ògì. Ẹyin méjìlá, bọ́tà, oyin olówó gọbọi, gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Mo jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, mo sunkún. Nígbà tó yá, mo pe oníbàárà mi, mo sọ bó ṣe rí gan-an fún un, mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi lọ́jọ́ méjì. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ọjọ́ kẹta ni àríyá wọn. Mo tún lọ ra ẹyin mìíràn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọjọ́ méjì yẹn ni mo fi mọ oyin. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ó wúwo. Kọ́ọ̀bù ṣúgà kan ò ju nǹkan bí 200 gíráàmù lọ, kọ́ọ̀bù oyin kan ń lọ sí 340. Kọ́ọ̀bù mẹ́ta tí mo dà yẹn, ẹ ò rí i pé ẹrù tó ju agbára kéèkì ni mo dì lé e lórí. Oyin tún gbé omi tirẹ̀ wá: nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bíi 17 sí 18 ló jẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ èmi ò dín mílíìkì kù rárá. Ibi tí àárín kéèkì ti ṣàn nìyẹn. Ti ojú rẹ̀ tó jó, oyin kì í fara da iná bíi ti ṣúgà funfun. Ó máa ń tètè pọ́n, láti pípọ́n sí dúdú kì í sì í pẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Níbi tí mo bá ti máa lo kọ́ọ̀bù ṣúgà kan, oyin tí mò ń dà ò pé kọ́ọ̀bù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni. Bí oyin bá tó kọ́ọ̀bù kan odindi, mo máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́ọ̀bù kúrò nínú mílíìkì tàbí omi. Oyin kan díẹ̀ lẹ́nu, ẹ tọ́ ọ wò dáadáa ẹ ó mọ̀ ọ́n, torí náà mo máa ń bu baking soda díẹ̀ sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí ìmutíì fún kọ́ọ̀bù oyin kan. Iná tó jẹ́ 180°C tẹ́lẹ̀, mo fà á wálẹ̀ sí 165°C. Bí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n bó ṣe wù mí, mo máa ń fi bébà fọ́ìlì bò ó kí àárín lè jinná.

Kéèkì bàbá yọrí. Wọ́n ní bàbá gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ mo sọ fún oníbàárà mi, mo sì ń sọ ọ́ fún yín: bó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ ló jẹ́ kí èèyàn sá fún ṣúgà, kó má fọkàn balẹ̀ lórí oyin. Òun náà ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè.

Nǹkan kan ṣì kù. Oyin tí mo kọ́kọ́ rà lẹ́bàá títì ń rùn èéfín, kéèkì tó jó yẹn ń ta sánsán bí ẹran ìgbẹ́. Àwọn tó ń kó oyin nínú igbó, iná ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lé oyin kúrò nínú ihò igi, èéfín yẹn á sì wọ afárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin oyin nínú àpótí ni mo ti ń rà á báyìí. Ẹ wá sọ tiyín.

Ará Ṣakí

Aǹtí oníkéèkì, ẹ kú iṣẹ́. Òkè-Ògùn níbí, inú oyin ni wọ́n bí wa sí. Ohun tó ń dùn mí ni oyin tó bá dì. Èmi fúnra mi ti bá ìyá arúgbó kan jà lọ́jà lórí rẹ̀. Ìgò oyin tí mo rà lọ́wọ́ wọn dì nígbà ọyẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, ó ń ṣe wúruwùru lẹ́nu. Mo gbé e padà, mo ní wọ́n po ṣúgà mọ́ ọn. Ìyá náà kàn wò mí, wọ́n dá owó mi padà, wọn ò bá mi jiyàn. Ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin, tí mo fọwọ́ ara mi fún oyin láti inú afárá, tí èyí náà tún dì, ni ojú wá tì mí. Ojúlówó oyin máa ń dì. Ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ látọwọ́ àwọn kòkòrò yẹn náà ló ń di horo. Mo padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá.

Ẹ má gbé e sórí iná o. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, irú èyí tí ẹ lè ki ọwọ́ bọ̀ láìjó yín, ẹ fi í sílẹ̀, á yọ́ padà. Bí ẹ bá sè é, òórùn òdòdó ara rẹ̀ á lọ. Ti ìṣáná tí àwọn èèyàn ń rì sínú oyin kí wọ́n tó ṣá a, pé bó bá tàn oyin náà dára, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Oyin àdàlù tó bá ki dáadáa á jẹ́ kó tàn. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni. Màmá kan wà tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́rin, Júù ni wọ́n, Golders Green nílé wọn wà. Bí ọdún tuntun wọn, Rosh Hashanah, bá ti ń sún mọ́lé lóṣù kẹsàn-án, wọ́n á ní kí n gbé àga wọn wá sí kíṣìnnì. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn ò lè po nǹkan mọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe kéèkì, èmi ni ọwọ́.

Lekach ni wọ́n ń pè é, kéèkì oyin. Òróró ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í fi bọ́tà sí i, torí òfin oúnjẹ wọn ò gbà kí ohun tó wá látara wàrà bá ẹran pàdé nínú oúnjẹ kan náà. Wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fi kọ́ọ̀bù wọn òróró, kí n dà á, kí n wá fi kọ́ọ̀bù kan náà, láìfọ̀ ọ́, wọn oyin. Gbogbo oyin á yọ̀ jáde, ẹyọ kan ò ní lẹ̀ mọ́ kọ́ọ̀bù. Títí dòní mi ò wọn oyin lọ́nà mìíràn mọ́. Tíì dúdú tí a ti pọn tó ki, tó sì ti tutù, ni a fi ń po ìyẹ̀fun náà dípò mílíìkì, pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti cinnamon.

Ọdún àkọ́kọ́, mo gbé e jáde, mo fẹ́ gé e. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n fi bébà àti fọ́ìlì wé e, kí n gbé e sínú agolo, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé á ti le. Ọjọ́ kẹta, ó rọ̀ ju ọjọ́ tí a ṣe é lọ, ó tutù lára, òórùn kànáfùrù ti wọ inú rẹ̀ pátá. Oyin ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tó ń dì í mú.

Lálẹ́ ọdún, wọ́n á ki èso ápù bọ inú oyin, wọ́n á ní kí ọdún dùn. Mo sọ fún wọn pé nílé wa, ọjọ́ tí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, àwa náà ń fi oyin ṣàdúrà pé kí ayé ọmọ dùn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti kú báyìí. Mo ṣì ń ṣe kéèkì náà lóṣù kẹsàn-án.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Níwọ̀n bí ẹ ti dárúkọ ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Ì báà jẹ́ tótó kékeré lórí ahọ́n, ì báà jẹ́ bisikíìtì tí ẹ fi oyin ṣe fún un nítorí eyín tó ń hù.

Bisikíìtì ni tèmi. Àkọ́bí mi pé oṣù mẹ́jọ, mo fi oyin po ìyẹ̀fun, mo yan án, mo ń yọ̀ pé ọmọ mi ò ní jẹ ti inú ọ̀rá. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n gbà á. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum, èso rẹ̀ lè máa sùn nínú oyin tó dára jù lọ pàápàá. Ikùn àgbàlagbà á borí rẹ̀. Ikùn ìkókó ò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀, èso náà á hù níbẹ̀, á sì máa tú májèlé sílẹ̀. Ìyàgbẹ́ ọmọ á ṣòro, ẹkún rẹ̀ á di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọrùn rẹ̀ ò ní dúró, kò ní lè fa ọyàn. Iná ààrò ò pa èso yẹn, torí pé àárín ohun tí a ń yan nílé kì í gbóná kọjá omi híhó.

Nígbà tí mo bí èkejì, mo lọ bá ìyá ọkọ mi kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ẹ̀rù bà mí, torí àwọn ló máa ń gbé àwo oyin. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi oyin kan ẹnu èmi àti bàbá ọmọ, kí ọmọ ti ara wa gbà á." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣebí ọyàn rẹ ló ń mu." Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, àdúrà ò sì dín.

Aláàádùn, Adó-Èkìtì

Àádùn ni tèmi, kò gba ààrò. Àgbàdo gbígbẹ tí a yan títí á fi máa ta sánsán, tí a lọ̀ kúnná, tí a fi epo pupa, iyọ̀ àti ata díẹ̀ pò. Ìyá mi ń fi ṣúgà sí i, èmi dá oyin padà sí i. Ẹ jẹ́ kí àgbàdo tutù tán kí ẹ tó da oyin sí i, kí ẹ sì máa dà á díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti lè dúró nígbà tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ fún un, ó tó. Bí ẹ bá fi ṣíbí kan kún un, á di ẹ̀kọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Salvador, Brazil

Níbí, wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní pão de mel, búrẹ́dì oyin. Ó rí roboto, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, oyin àti kànáfùrù ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá rì í sínú ṣokoléètì yíyọ́. Mo kọ́ ọ, ó yọrí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bu mẹ́fà sínú àwo, mo gbé e lọ fún ìyá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ewó."

Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ wa ni! Èèwọ̀. Ọmọ ilé Ketu ni wọ́n nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ilẹ̀ Brazil, Oxóssi ló ni orí wọn, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tiwa, oyin sì ni èèwọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń pè ní Oxum, lè fi oyin wẹ̀ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Àwọn baba ńlá wọn gbé ọ̀rọ̀ wa kọjá òkun nínú ìdè, wọn ò gbàgbé rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, omi bọ́ lójú mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi rapadura, ṣúgà ìrèké tó ń dì bíi bíríkì, ṣe tiwọn. Wọ́n jẹ méjì níṣojú mi.

Oníkéèkì, Ìbàdàn

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an, mo ti kọ ọ́ mọ́ ara páálí kéèkì oyin mi pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọjọ́ Àìkú ni mo ṣe ti màmá yín. Tíì dúdú, òróró, kọ́ọ̀bù kan náà láìfọ̀ ọ́. Oyin yọ̀ jáde bí ẹ ṣe wí. Mo wé e, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ ò lè tó. Àná ni ó pé ọjọ́ kẹta. Mo tú fọ́ìlì, mo fi ìka tẹ ojú rẹ̀, ó wọlé, ó sì tún padà dìde. Ọmọkùnrin mi tó kéré jù ti fa àga wá, ó ti gun orí rẹ̀, ó ń bèèrè bóyá òun lè gbé ọ̀bẹ wá.